Àlejò Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin yìí ń ṣe, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kì í rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àlejò ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ pé kó máa jẹ́ ẹni tí ọmọdé kò rí rí. Nígbà tó ka ìwé náà sí ìyá rẹ̀ létí, ìyá náà ní, "Gbogbo ìwé tí mo rán ọ lọ kà náà rèé? Kó o máa lọ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ?"

"Màmá, mi ò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Màá kàn wọlé, màá jókòó, màá sì jáde."

"Ẹni tó wọlé tí kò kí èèyàn, tó jókòó tí kò sọ̀rọ̀, tó tún dìde tó jáde, kí ni wọ́n ń pè é? Ṣebí olè ni."

Àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ọmọbìnrin náà gbà á, kò sì pẹ́ tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ fi gbàgbé orúkọ rẹ̀, tó di Àlejò. Ọ̀gá rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú kọ́rùn bí ẹni fi ẹ̀gbà ọrùn ṣe ẹ̀ṣọ́. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wádìí ni bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀nà wà láti wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń wọn aṣọ.

Yàrá kan ló ń lò, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àga méjì ló wà níbẹ̀, ẹní rírọ̀ kan, bọ́ọ̀lù kan, àwọn igi kéékèèké onígun mẹ́rin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi, àti dígí gbàgbà kan lára ògiri. Ẹni tó wà nínú yàrá, ara rẹ̀ ló máa rí nínú dígí yẹn. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, inú yàrá ló ń rí. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń jókòó sí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ìyá á gbé ọmọ wọlé, ọmọ á máa ṣeré. Àlejò á wọlé. Ìṣẹ́jú kan kò ní sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú kan á bá ìyá sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú kẹta á sún mọ́ ọmọ. Ìyá á wá yọ́ jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ìyá á padà, Àlejò á jáde. Ìyá á tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, yóò ku ọmọ òun nìkan, Àlejò ni yóò sì kọ́kọ́ wọlé kí ìyá tó dé. Ẹkún kọ́ ni wọ́n ń wò jù níbẹ̀. Ohun tí ọmọ máa ṣe nígbà tí ìyá rẹ̀ bá padà wọlé ni.

Lẹ́tà ni ìwé fi ń pe irú ọmọ tí wọ́n máa ń rí, àmọ́ Àlejò ti fún wọn lórúkọ tirẹ̀. Ọmọ tó sunkún, tí ìyá rẹ̀ gbé mọ́ra, tó fọn ikun tó sì padà sídìí eré, Fọkànbalẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jáde tí kò wò ó, tó wọlé tí kò wò ó, Kò-kàn-mí nìyẹn. Ẹni kẹta ni èyí tó ń ké, tí ìyá gbé e tó ń ta ìpá, tí ìyá sọ ọ́ sílẹ̀ tó tún dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni Tèmi-ò-tíì-tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ bínú sí àwọn orúkọ yìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà ti ń pè wọ́n.

Ìwé sọ pé nínú ọmọ mẹ́ta, ó yẹ kí bíi méjì jẹ́ Fọkànbalẹ̀. Àdúgbò méjì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń mú ọmọ, kò sì sí ọ̀kankan tó gbọ́ràn sí ìwé lẹ́nu. Àwọn ọmọ àdúgbò òkè, níbi tí wọ́n mọ odi yí ilé ká, ń ké débi pé ó di dandan kí wọ́n dá aago dúró. Àwọn ọmọ àdúgbò ìsàlẹ̀, níbi tí ilé mẹ́rin ti ń pín àgbàlá kan, kò ké rárá. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí ọ̀kan nínú wọn sùn lọ lẹ́sẹ̀ Àlejò kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin oníbúrẹ́dì kan láti ìsàlẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, ọmọ oṣù mẹ́tàlá. Ìyẹ̀fun ṣì wà létí irun ìyá. Ikùn ọmọ ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Alága ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí pé ibi yòówù kí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, yóò káwọ́ lé ikùn, yóò sì wò yíká bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá.

Ìyá jáde. Alága wo ilẹ̀kùn, ó wo Àlejò, ó mú igi pupa kan, ó sì nà án sí i bí ẹni ń fi èèyàn joyè. Kò ké. Ìyá padà wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì: "Alága mi!" Alága wò ó lẹ́ẹ̀kan bí a ṣe ń wo ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé, ó sì padà sídìí igi rẹ̀. Nígbà tí ìyá tún jáde tó ku òun nìkan, ó ń to igi lórí igi. Lẹ́yìn dígí, Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ìlà sí fọ́ọ̀mù. Ọmọ kẹtàlélógún láti ìsàlẹ̀ nìyẹn tí yóò bọ́ sábẹ́ lẹ́tà kan náà.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníbúrẹ́dì dá Àlejò dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ṣé ó yege?"

"Kò sí yíyege níbẹ̀, mà."

"Ìdánwò wo ni kò ní yíyege? Ẹ ṣáà sọ ohun tó gbà fún mi."

Òfin ni pé kí wọ́n má sọ. Àmọ́ ẹnu Àlejò yá ju òfin lọ. "Kò-kàn-mí," ló wí.

Oníbúrẹ́dì sún sẹ́yìn. "Kí ló dé? Èmi kàn béèrè ni, kì í ṣe ìjà."

"Rárá o, mà! Kì í ṣe èmi ni kò kàn. Ọmọ ni. Irú ọmọ tó jẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀." Kó tó rí ọ̀rọ̀ náà gbé mì, ó ti sọ ọ́ tán.

Ojú obìnrin náà ṣú. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti ń fa bọ́tìnì ẹ̀wù Àlejò. Ó ní, "Ẹ̀yin náà rí i, àbí? Kílẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń wà nídìí ààrò. Tí mo bá ń bọ̀ wálé, mo máa ń rò ó pé, ṣé ọmọ yìí tiẹ̀ mọ̀ pé mo jáde?" Ó gbé Alága kọ́ èjìká, ó ń lọ. Alága juwọ́ sí Àlejò.

Àlejò kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn kan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. "Ta ni wọ́n ń pè ní Kò-kàn-mí níbí? Kó jáde wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí!"

Ìyá ọkọ oníbúrẹ́dì ni. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìsàlẹ̀ ló sì ń pè é ní Màmá Agbẹ̀bí. Ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n láìkan ilẹ̀kùn. Àlejò wà ní igun, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jókòó, mà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Mi ò jókòó. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà, ẹ ní kò mọ ìyá rẹ̀. Ìyàwó wa kò sọ̀rọ̀ láti àná. Búrẹ́dì tó ṣe lónìí, ó gbàgbé iyọ̀ sí i. Ẹ ti ba gbogbo àdúgbò lẹ́nu jẹ́."

"Màmá, ẹ má bínú. A ò sọ pé kò mọ ìyá rẹ̀. Ìwọ̀n lásán ni."

"Ìwọ̀n! Ẹ jẹ́ n bi yín. Tí ẹ bá mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn bàtà, tí ẹ fi wọn orí mi, tí kò bá a mu, ṣé orí mi ni kò dáa ni?" Ó jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ òun alára. "Bàbá Alága ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn. Ìyá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní èmi, ó ní bàbá rẹ̀ àgbà, ó ní àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin méjì. Ẹnì kan jáde, ẹnì kan wọlé. Kí ni kó máa sunkún sí? Ẹ tún mú ọmọ ẹlẹ́rìn-ín yìí wá, ẹ ní àlejò ni. Nílé tiwa, ẹni tó bá ti rí àga jókòó, ọmọ la máa gbé lé e lẹ́sẹ̀. Alága rò pé ìyàwó tuntun la fẹ́ ni."

Àlejò fi ìwé bo ẹnu. Màmá Agbẹ̀bí na ìka sókè. "Àmọ́ ṣá o, ẹ ò rí i kí èmi jáde. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ máa gbọ́ ẹkún dé ibí yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó mọ̀ pé ní ìlú àwọn kan, irú kan máa ń pọ̀, ní ìlú àwọn mìíràn, irú mìíràn. Ó ti kà á, ó ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àmọ́ kíkà lọ́tọ̀, kí ìyá ọlọ́mọ jókòó síwájú ẹni lọ́tọ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé a lè wá sílé yín?"

"Ẹ ń béèrè? Ọjọ́ Sátidé."

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Àlejò débẹ̀ ní Sátidé, iwájú ilé ni bàbá àgbà ti ń tún aago ṣe. Bàbá Alágogo ni wọ́n ń pè é. Aago mọ́kàndínlógún ló kọ́ sára ògiri yàrá ńlá, kò sì sí méjì tí ẹnu wọn kò. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe gbé aago ọrùn rẹ̀ sókè pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, Bàbá yí ojú sí ògiri, ó ní, "Ti èwo nínú wọn, ọmọ mi?"

Wọ́n gbé Alága sórí ẹní láàárín yàrá pẹ̀lú igi eré tí Ọ̀jọ̀gbọ́n mú wá, ó káwọ́ lé ikùn. Oníbúrẹ́dì jáde. Alága ń ṣeré. Ó wọlé, Alága ń ṣeré. Obìnrin náà jókòó sí igun, ó ń yí etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka. Àwọn àbúrò bàbá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọlé, omi kò mì. Ó wá kan Màmá Agbẹ̀bí.

Màmá tún gèlè so. Ó mú báàgì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ sókè òkun. "Alága o! Màmá ń lọ o! Ó dìgbà o!"

Alága juwọ́, kò gbójú sókè.

Màmá pa ilẹ̀kùn dé, ó fi etí lé e. Ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó di ìkẹta, ó ti yọ orí wọlé. "Ó ti sùn ni?"

"Ó ń ṣeré, mà," ni Àlejò wí.

"Kò tiẹ̀ béèrè mi?"

Bàbá Alágogo rẹ́rìn-ín títí gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago fi já bọ́ lójú rẹ̀. "Kò-kàn-mí!" ló wí. "Ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo wa. Káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́, ìyá Kò-kàn-mí."

Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí eyín rẹ̀ hàn. Màmá Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń tú gèlè.

Àlejò ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n mà, nínú yàrá tiwa, tí ìyá bá jáde, èèyàn ọmọ ti tán nílẹ̀ nìyẹn. Níbí, ta ló jáde? Ilé kún síbẹ̀. Tí gbogbo wọn bá jáde ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú díẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ní bí ọmọ bá ké gan-an, àwọn máa dá a dúró. Oníbúrẹ́dì wo Alága, ó mi orí pé òun fẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n to ètò sórí ìwé: bí wọ́n ṣe máa jáde, bí wọ́n ṣe máa wọlé. Ìyá ni yóò jáde kẹ́yìn, òun ni yóò sì wọlé kẹrin.

Ni ilé bá ń tú síta. Àbúrò bàbá kìíní jáde, Alága kò mọ̀. Ìkejì jáde, ó gbójú sókè. Bàbá Alágogo gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání, ó jáde, ọwọ́ Alága sì dúró lórí igi. Màmá Agbẹ̀bí jáde, kò dágbére lọ́tẹ̀ yìí. Alága dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ lé Màmá jáde. Obìnrin aládùúgbò kan sáré yọ sí wọn níta: "Ṣé iná ló ń jó ni?"

"Ìwádìí ni," ni Màmá Agbẹ̀bí dá a lóhùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni obìnrin náà wí, "Ọlọ́run á wò ó sàn."

Oníbúrẹ́dì jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó ku Àlejò lórí àga, ó ku Alága lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tíì lè dúró dáadáa. Aago mọ́kàndínlógún ń kọ tàà, tàà. Ó rìn tàgétàgé lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó yọjú. Kò sẹ́nì kankan. Ó lọ sídìí tábìlì bàbá àgbà, ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Ó padà sí àárín yàrá. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ rọ, àgbọ̀n rẹ̀ gbọ̀n, ó sì figbe ta.

Àlejò kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Alága gbá ọwọ́ náà dànù. Láti oṣù mẹ́rin tí ọmọbìnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ọmọ ìsàlẹ̀ kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ó dùn ún, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó di àlejò gan-an lọ́jọ́ náà.

Níta, Ọ̀jọ̀gbọ́n di ọwọ́ ẹ̀wù oníbúrẹ́dì mú. "Ẹ ní sùúrù, mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wọlé! Ìyá ni ìkẹrin!"

"Ìkẹrin kẹ̀!" Ọwọ́ ẹ̀wù ya. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

Alága rí i. Ó sáré, ó ṣubú, kò dúró dìde, ó rákò dé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mú. Nígbà tí ìyá gbé e, Alága ki orí bọ ọrùn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ padà sí ibi tó ti wá. Ẹkún dá. Ìmí ló ń fà hìì, hìì. Oníbúrẹ́dì dì í mọ́ra gírígírí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú irun ọmọ.

Màmá Agbẹ̀bí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ. "Ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ó dáa, ó ń rọlẹ̀ bọ̀." Iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún sọ sí i lọ́kàn. Ó yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ jẹ́ kó sinmi. Lẹ́yìn náà, kí ìyá rẹ̀ nìkan ṣoṣo jáde bíi ti yàrá yín, kí gbogbo wa wà níbí. Àmọ́ kí ẹ̀yin alára fọwọ́ lé àyà ọmọ."

Wọ́n sinmi tó wákàtí kan. Alága ti padà sídìí igi, ojú rẹ̀ tutù. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ lórí ẹní tì í, ó fọwọ́ lé àyà kékeré náà. Oníbúrẹ́dì dìde, ó jáde. Alága kò wò ó. Ó mú igi aláwọ̀ ewé, ó gbé e lé orí aláwọ̀ aró.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ àyà náà díẹ̀ sí i. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọkàn ọmọ náà ti ta kìjí, ó ń lu kì-kì-kì.

"Ó ń sáré," ló wí. "Kò wo ilẹ̀kùn rárá, ó sì ń sáré."

"Ojú ló wà lára igi," ni Màmá Agbẹ̀bí wí. "Ọkàn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró de èèyàn. Ẹ pè é wọlé, kí òun náà wá fọwọ́ kàn án."

Oníbúrẹ́dì wọlé, ó fọwọ́ kàn án. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí tí wọ́n fi gbé omi fún àwọn àlejò.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀jọ̀gbọ́n kó gbogbo fọ́ọ̀mù jáde. Kò ya wọ́n dànù. Ó ní ìwọ̀n náà wúlò, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń wọ̀n. Ó fi ìlà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan: èèyàn mélòó ló ń gbé e? Ta ló ń jáde, ìgbà wo? Ṣé ilẹ̀kùn ti pa dé mọ́ ọn rí? Ìgbà tó kan àwọn ọmọ òkè, ó gbé bírò sílẹ̀. Àwọn yẹn, ọwọ́ ìyá wọn nìkan ni wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tirẹ̀ ti dà bí ọdún mẹ́ta lójú wọn, òun sì ti kọ ọ́ pé wọn kò gba ìpẹ̀. Ó ní kí Àlejò máa tẹ̀ lé òun lọ sílé wọn, kó máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀.

"Mà, tí mo bá ń lọ sílé wọn, ọmọ á mọ̀ mí. Ta ló wá máa ṣe àlejò?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ronú dé ibẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn ń wá àlejò. Ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé tí Màmá Agbẹ̀bí fi dé, pẹ̀lú báàgì àti gèlè.

"Mo gbọ́ pé ààyè ṣí sílẹ̀. Ọmọ ìsàlẹ̀ kò ṣeé ṣe fún mi, èmi ni mo gba gbogbo wọn. Ti òkè ni kẹ́ ẹ fún mi. Wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀."

Wọ́n kọ́ ọ ní gbogbo òfin, ó sì mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ òkè kan wọlé lọ́jọ́ náà. Àsìkò tó, Màmá wọlé, ó jókòó sí àga kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì tẹ aago. Ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó fi dákẹ́. Ó tó bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó fi gbìyànjú rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wá tẹ̀ síwájú.

"Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó ọjọ́ mélòó tí ọmọ ti yàgbẹ́ kẹ́yìn?"

Lẹ́yìn dígí, Àlejò gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí ẹ̀rín kò jẹ́ kí ìyẹn lè kọ nǹkan kan.